Láptọ́ọ̀pù mẹ́ta, príntà méjì, abẹ́ kánópì, kò sí dátà: báwo la ṣe lè so wọ́n pọ̀ fún ọdún Ọ̀ṣun?

FótòÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun
Ẹ kú ilé o gbogbo ará Òṣogbo, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ọpọlọ yín kí August tó wọlé. Àwa fọtógíráfà mẹ́rin la jọ máa ń gba kánópì kan lójú ọ̀nà tó lọ sí igbó Ọ̀ṣun nígbà ọdún. Ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí Arugbá bá ń gbé igbá lọ sódò, ẹni tó wá láti Èkó, ẹni tó wá láti Brazil, gbogbo wọn ló fẹ́ fọ́tò tí wọ́n á mú dání lọ sílé, torí náà à ń yà, à ń tẹ̀, wọ́n á dúró díẹ̀ wọ́n á gbà á.

Wàhálà wa ni pé fílásì kan ṣoṣo la fi ń gbé fọ́tò láti orí láptọ́ọ̀pù tá a fi ń tún un ṣe lọ sórí èyí tí príntà wà lára ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán tí èrò pọ̀ jù, fílásì yẹn kó fáírọ́ọ̀sì látara káàdì oníbàárà kan, gbogbo fódà inú ẹ̀ di shortcut. Èyí tó wá dùn mí jù, ìyá àgbà kan tó wá láti Ìkìrun ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ-ọmọ ẹ̀ méjì, ìgbà tá a máa tẹ̀ ẹ́, fọ́tò ẹlòmíì ló jáde. Kámẹ́rà tèmi àti ti ẹnìkejì mi ló fún fọ́tò méjì lórúkọ kan náà, DSC_0412, Windows bi wá pé ṣé kóun fi ìkan rọ́pò ìkejì, ọmọ iṣẹ́ ń kánjú ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. A sì ti fọ káàdì nù ká lè rí àyè ya òmíì. Mo dá owó ìyá padà, àmọ́ owó kọ́ ló wá gbà.

WhatsApp ò bọ́ sí i, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń há lọ́jọ́ náà nítorí èrò, tó bá tiẹ̀ lọ, fọ́tò á ti fún. Ohun tá a ní: láptọ́ọ̀pù mẹ́ta, méjì ń lo Windows 10, ìkan Windows 11. Príntà oníyíǹkì méjì, USB ni wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ṣé dandan ni kí n ra dátà kí wọ́n tó lè máa bára wọn sọ̀rọ̀?

ỌmọÀyétòrò
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra dátà kankan. Ẹ tan hotspot fóònù yín, ẹ pa dátà, kí láptọ́ọ̀pù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé síbẹ̀, ó parí. Bá a ṣe ń ṣe é ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nìyẹn tá a bá fẹ́ pín fíìmù tàbí ká gbá géèmù, a ò na kọ́bọ̀.

BàbáWáyà
Ọmọ Àyétòrò, òótọ́ lo sọ pé kò gba dátà, ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé ẹ̀ kì í wọ mọ́tò. Dátà ni mọ́tò tó ń gbéni jáde sígboro, sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì kan náà, ojúde kan ni wọ́n jọ ń gbé, ohun tí wọ́n nílò ò ju ojúde yẹn lọ, kí kálukú sì ní nọ́ńbà ilé tiẹ̀.

Àmọ́ hotspot fóònù lọ́jọ́ ọdún, mi ò fọwọ́ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ hotspot fóònù, orí ìgbì Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 2.4GHz ló wà, ọ̀nà mẹ́ta péré ló sì wà lórí ẹ̀ tí kì í gun ara wọn, ìyẹn 1, 6 àti 11. Ẹ wo iye èèyàn tó máa tan hotspot tiẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo wọn ló máa há sínú ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kejì, fóònù á gbóná, ẹnì kan á pè yín, ọmọ iṣẹ́ á mú un rìn lọ ra omi, iṣẹ́ dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, fóònù mìíì wà tí kì í jẹ́ kí àwọn tó wọlé sórí ẹ̀ ríra wọn rárá. Hotspot ti Windows fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn máa ń kọ̀ tí kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó máa pín, á ní kò sí kọnẹ́ṣọ̀n.

Ráútà àtijọ́ kan ni kẹ́ ẹ wá, èyíkéyìí, kódà tí kò bá ní síìmù nínú mọ́. Kẹ́ ẹ sì fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Wáyà kì í bá èrò jà.

FótòÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun
Bàbá ẹ ṣé gan-an. Mo ní ráútà kan nílé, síìmù inú ẹ̀ ti kú látìgbà pípẹ́, mi ò rántí páàsíwọ́ọ̀dù ẹ̀. Ṣé ó ṣì wúlò?

BàbáWáyà
Ó wúlò dáadáa. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ihò kékeré kan wà tí wọ́n kọ reset sí, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá nígbà tó wà lórí iná, gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe sínú ẹ̀ á pa rẹ́. Páàsíwọ́ọ̀dù tuntun wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀. Ẹ so láptọ́ọ̀pù kan mọ́ ọn, ẹ ṣí bíráúsà, ẹ tẹ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ sí ìdí ẹ̀. Ẹ yí orúkọ Wi-Fi àti páàsíwọ́ọ̀dù ẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi èyí tó bá ilé iṣẹ́ wá sílẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí príntà wà lára ẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà ilé (IP) tí kò ní yí padà. Ká ní 192.168.1.10. Àwọn yòókù ẹ jẹ́ kí ráútà máa pín in fún wọn fúnra ẹ̀.

Ihò wáyà: ihò mẹ́rin ló sábà máa ń wà fún láptọ́ọ̀pù, ìkan á wà tó dá yàtọ̀ tí wọ́n kọ WAN sí lára, ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ẹ má ki láptọ́ọ̀pù bọ ìyẹn. Mo ti rí i kí èèyàn lo òwúrọ̀ ọjọ́ kan gbáko lórí ihò yẹn.

Wáyà fúnra ẹ̀, èyí tí wọ́n kọ Cat5e sí lára ti tó, Cat6 náà dáa. Ó lè gùn tó mítà 100, àmọ́ lábẹ́ kánópì mítà márùn-ún tàbí mẹ́wàá lẹ máa lò. Ẹ má ra èyí tó pọ́ọ̀kú jù, kọ́pà kọ́ ló wà nínú ẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, tẹ́ ẹ bá ká a lẹ́ẹ̀mẹta yóò kán nínú, ẹ ò sì ní rí i lójú. Ẹ gbé e gba òkè, lára irin kánópì. Tó bá gba ilẹ̀, ijó ló máa já a.

ÌyáBísínẹ́ẹ̀sìSẹ́ńtà
Ẹ kú làákàyè Bàbá. Fótò, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ príntà ni tèmi. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọláìyá kọ̀ǹpútà márùn-ún ló ń lo príntà kan. Kọ̀ǹpútà tí USB wà lára ẹ̀ ni kó o lọ, kó o wọ inú Printers, kó o mú príntà yẹn, Printer properties, Sharing, kó o máàkì ẹ̀, kó o fún un lórúkọ kúkúrú tí kò ní àlàfo láàárín. Àwọn tó kù á wá a rí. Àmọ́ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ sùn o! Tó bá sùn, gbogbo ilé sùn nìyẹn. Lọ sí Power kó o sọ pé Never.

Kó o tún rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn wà ní Private lórí gbogbo wọn, kì í ṣe Public. Tó bá wà ní Public, Windows á ti ilẹ̀kùn, á rò pé pápákọ̀ òfuurufú lo wà. HomeGroup, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín nǹkan, tí ẹlòmíì á ní kó o lò, má wá a, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10 láti 2018.

TitiDísáìn
Màmá ẹ jẹ́ n fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ takò yín díẹ̀. Fún lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Fọ́tò ò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tá a máa tẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yan irú pépà, ìwọ̀n, kí àlà wà tàbí kó má wà. Tí èèyàn mẹ́ta bá ń ránṣẹ́ sí príntà kan láti orí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ẹnì kan á yan pépà lásán, ẹnì kan á yan glossy, ìyẹn pépà tó ń dán, pépà olówó iyebíye á ṣòfò, fọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á dàpọ̀ mọ́ra lórí ìlà, ta ló mọ ti ta ni?

Èmi ò ní pín príntà rárá. Fódà ni n ó pín. Lórí láptọ́ọ̀pù príntà, ẹ dá fódà kan sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní TẸ̀Ẹ́. Ẹni tó bá tún fọ́tò ṣe tán, á jù ú sínú TẸ̀Ẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ balẹ̀, ló máa jókòó ti príntà, á tẹ̀ ẹ́, á sì gbé e sínú fódà kejì tẹ́ ẹ pè ní TI_PARÍ. Ẹ ò ní bá àṣìṣe 0x0000011b jà náà. Àwọn tó ń pín príntà láàárín Windows mọ nọ́ńbà yẹn, látìgbà tí àtúnṣe ààbò ti September 2021 ti jáde ló ti ń yọ èèyàn lẹ́nu, ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n sì ń pín kiri, títú ààbò palẹ̀ ni.

Ti orúkọ fọ́tò tó pa ìyá Ìkìrun lẹ́kún yẹn: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ṣe é yí lẹ́tà tó ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì padà. Ẹ wọ mẹ́nù, ẹ yí DSC sí nǹkan bí ADE, KUN, lẹ́tà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà yẹn sórí ìwé pélébé kẹ́ ẹ fún oníbàárà. ADE_0412 ò lè gorí KUN_0412 láéláé.

ÌyáBísínẹ́ẹ̀sìSẹ́ńtà
Titi, mo gbà fún ẹ lórí fọ́tò. Pépà glossy wọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi fún ìwé lásán o, torí ẹlòmíì á ka èyí tó fẹ́ lò ó fún rìsọ́ọ̀tì ilé ìwé tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

TitiDísáìn
Bẹ́ẹ̀ ni màmá, bẹ́ẹ̀ ló rí.

FótòÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun
Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé lálẹ́ àná. Mo tẹ abẹ́rẹ́ sí ráútà, ó tún bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ wọlé. Èkejì ò wọlé, mo wo nọ́ńbà ẹ̀, 169.254 nǹkan nǹkan ló ń gbé wá. Wáyà yẹn èmi ni mo tẹ orí ẹ̀ fúnra mi, mo yá irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan.

BàbáWáyà
Tẹ́ ẹ bá ti rí 169.254, ó ń sọ fún yín pé "mo ké pe ẹni tó ń pín nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni ò dáhùn, mo bá fún ara mi ní tèmi." Ráútà ò gbọ́ ohùn ẹ̀. Orí wáyà yẹn ni. Ẹ gé e kúrò, ká tún un ṣe.

Ẹ bó awọ òde kúrò tó ìwọ̀n ìka méjì. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú, wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì-méjì. Ẹ tú wọn, ẹ fi àtàǹpàkò nà wọ́n títí wọ́n á fi tẹ́jú bí eyín òòyà. Ẹ tò wọ́n láti apá òsì, kí etí oníke ara orí wáyà, èyí tó ń dún kọ̀ọ́, dojú kọ ilẹ̀: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, ewé, funfun onílà búráùn, búráùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni àárín, wọ́n á fi ewé ti ewé torí ó jọ pé ó bójú mu. Kò rí bẹ́ẹ̀, búlúù méjèèjì ló wà láàárín tí ewé méjèèjì sì pín sọ́tùn-ún sósì wọn. Ẹ gé ẹnu wọn dọ́gba, ẹ tì í wọ orí, ẹ wo iwájú orí yẹn lójú iná kẹ́ ẹ rí i pé ẹnu kọ́pà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kan ògiri. Awọ òde gbọ́dọ̀ wọ inú orí pẹ̀lú kí irin lè mú un. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́ tagbára tagbára.

FótòÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun
Bàbá, ewé ni! Mo fi ewé méjèèjì ti ara wọn gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ. Mo tún un ṣe, ó wọlé, 192.168.1.102.

Ó ku ìkan. Mo dé orí láptọ́ọ̀pù kejì, mo tẹ \\192.168.1.10 kí n lè dé orí láptọ́ọ̀pù príntà, ó ń bi mí ní orúkọ àti páàsíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí mo fi ń ṣí láptọ́ọ̀pù yẹn, ó ní irọ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mẹ́fà.

TitiDísáìn
PIN nìyẹn, kì í ṣe páàsíwọ́ọ̀dù. PIN ò kúrò lórí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti ṣe é, kò wúlò fún ẹni tó ń bọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Páàsíwọ́ọ̀dù gan-an ló ń bèèrè.

Má lo àkáǹtì tìẹ. Lórí láptọ́ọ̀pù príntà, dá àkáǹtì ìbílẹ̀ tuntun kan sílẹ̀, èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ímeèlì, sọ ọ́ ní odun, fún un ní páàsíwọ́ọ̀dù. Mú fódà TẸ̀Ẹ́, Properties, Sharing, fi odun sí i, fún un ní Read/Write. Fódà tí fọ́tò àkọ́kọ́ wà, fún un ní Read nìkan, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ìkánjú pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Lórí àwọn yòókù tẹ odun àti páàsíwọ́ọ̀dù yẹn, sọ pé kó rántí ẹ̀. Ẹlòmíì á ní kó o pa páàsíwọ́ọ̀dù tì kó lè rọrùn, má ṣe bẹ́ẹ̀, Windows 11 tuntun kì í tiẹ̀ fẹ́ gbà kéèyàn wọlé láìsí orúkọ mọ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn èèyàn ló wà nínú fọ́tò yẹn, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀.

ỌmọÀyétòrò
Àwọn oníbàárà tó bá fẹ́ kí fọ́tò wọn wọ fóònù wọn ńkọ́? Ṣé kí wọ́n wọlé sórí Wi-Fi yẹn?

BàbáWáyà
Rárá o. Ẹ má fún oníbàárà kankan ní páàsíwọ́ọ̀dù Wi-Fi yẹn. Ẹ gba nọ́ńbà wọn, tó bá dalẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti fẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò, kò ní fún.

Iná: ráútà ò jẹ iná púpọ̀, 12V ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ ra UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tó ń gba iṣẹ́ tí iná bá lọ, èyí tí wọ́n ṣe fún ráútà, kò tóbi ju bíbélì àpò lọ. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tiẹ̀. Tí jẹ̀n bá kú, príntà nìkan ló máa dúró. Ó dáa pé oníyíǹkì ni tiyín, ti lésà máa ń gbóná kó tó tẹ̀, tó bá fa iná lẹ́ẹ̀kan, jẹ̀n kékeré á mì. Òjò August ò ṣe é fọkàn tán, ẹ gbé àpótí iná sórí búlọ́ọ̀kù, kó má wà nílẹ̀.

FótòÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti parí, mo ṣèlérí pé n ó padà wá.

A bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Wáyà méjì ni mo ṣe, mo ní kí láptọ́ọ̀pù kẹta máa lo Wi-Fi torí ẹ̀gbẹ́ ráútà ló wà. Títí di aago mẹ́wàá ó ń lọ dáadáa. Bí èrò ṣe kún ojú ọ̀nà, ìlù ń dún, Wi-Fi yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fà, fọ́tò kan tó ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí wáyà ń lo ìdajì ìṣẹ́jú, nígbà tó yá ó já pátápátá. Mo rán ọmọ iṣẹ́ lọ sílé kó lọ mú wáyà tó ṣẹ́kù wá, mo tẹ orí ẹ̀ lórí itan mi lábẹ́ kánópì, búlúù láàárín. Látìgbà yẹn kò dúró mọ́.

Jẹ̀n kú lẹ́ẹ̀mejì. Ráútà ò pa, àwọn tó ń tún fọ́tò ṣe ò tiẹ̀ mọ̀, wọ́n ń ju fọ́tò sínú TẸ̀Ẹ́ lọ, ìgbà tí iná dé, ẹni tó wà nídìí príntà bá mọ́kàndínlógún tó ń dúró dè é. Òjò rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi ṣàn gba abẹ́ tábìlì kọjá, àpótí iná wà lórí búlọ́ọ̀kù.

Fọ́tò 312 la tẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ ti ẹlòmíì. Mo ń wo ojú èrò ní gbogbo ọjọ́ bóyá màá rí ìyá Ìkìrun yẹn, mi ò rí i. Mo máa tún wò ó lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá, Màmá, Àǹtí Titi, àbúrò mi Àyétòrò, ẹ ṣé, Olúwa á ṣe tiyín náà.

ÌyáBísínẹ́ẹ̀sìSẹ́ńtà
Àmín ọmọ mi. 312! Ẹ kú oríire.

FídíòẸdẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ti ṣe bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí fún ìgbéyàwó kan ní Ẹdẹ lọ́la, àmọ́ ẹnì kan nínú wa ń lo Mac, kò rí \\192.168.1.10 yẹn ṣí. Ṣé kó padà sórí fílásì?

TitiDísáìn
Kó má padà o. Kó ṣí Finder, kó tẹ Command àti K pọ̀, kó kọ smb://192.168.1.10 kó tẹ Connect. Ìlà tó dojú kọ ọ̀tún ni Mac ń lò, kì í lo ti òsì. Orúkọ àti páàsíwọ́ọ̀dù kan náà.

FídíòẸdẹ
Ó ti wọlé. Fódà méjèèjì ló ń rí, TẸ̀Ẹ́ àti TI_PARÍ. Ẹ ṣeun.